Kúù Tí A Kò Gbá Rí

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló da ilé wa rú. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ayé mi ṣe, mo lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe ní Savalou, mo lè dárúkọ àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n ti di ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń padà wá bá mi. Kúù ni ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dọ̀ wa, kúù ni àgbàlá. Ẹni tó lọ ilé ìwé àti ẹni tí kò lọ, wọ́n jọ ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ayálégbé ló gbé e wọ ìlú, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń wá yàrá kiri, tí wọ́n á máa béèrè bóyá kúù ilé náà fẹ̀, bóyá kànga wà nínú kúù. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò gbọ́ Faransé kọjá bọ́ńsúù tí a fi ń kí èèyàn àti mẹ̀sí tí a fi ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ kúù. Ìṣà ni èdè rẹ̀, èdè àwa ará Bantè, tó bá Yorùbá tan. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ ohun tó sọ níbí, kí ó lè yé ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Kúù kejì wà ní Kútọnu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ wa ni, èyí tó ń sọ bóyá òfin kan bá òfin-ìpìlẹ̀ mu, tó sì ń sọ ẹni tó lè du ipò àti ẹni tí kò lè du ú. Bó bá ti dájọ́, kò tún sí ibòmíràn tí èèyàn lè gbé ẹjọ́ náà lọ. “La Cour” ni àwọn oníròyìn ń pè é. Lẹ́nu tiwa, Kúù náà ni. Àgbàlá ń jẹ́ kúù, ilé-ẹjọ́ ń jẹ́ Kúù, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú títí di ọjọ́ Ìsinmi kan.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí kúù tiwa ní Bantè ṣe rí, nítorí àárò rẹ̀ ló ń sọ mí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ó fẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà Ìyá àgbà títí dé etí títì, ilẹ̀ pupa lásán ni, àfi igi kajú kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àràárọ̀ ni Ìyá àgbà ń gbá a. Bí ó bá gbá a tán, ipa ìgbálẹ̀ á wà lórí ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó sì máa bẹ̀rù láti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ ju èèpo ọsàn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ méjì ló yè. Bàbá mi ni àgbà. Àwọn fadá ló kọ́ ọ níwèé, ó di olùkọ́, Savalou ni ó sì fẹ̀yìntì sí, níbi tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé. Àbúrò rẹ̀, tí èmi ń pè ní Bàbá kékeré, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ní Bantè, ilé tirẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ń lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí bàbá mi bá ti jáde ní Máàsì, a ó wọ takisí, ó di Bantè. Bàbá kékeré á ti inú ìsìn tiwọn dé pẹ̀lú sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ lásán, ebi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá nítorí pé ìsìn náà kì í tètè parí.

Bàbá mi á ní, “Etí Ọlọ́run yín mà di o. Láti òwúrọ̀ lẹ ti ń pè é.”

Bàbá kékeré á ní, “Ẹ̀gbọ́n, tiyín ló ń sùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.”

A ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí. A ó gún iyán nínú odó kan, a ó sì jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Lábókò ni iṣu náà, èyí tó funfun tó sì máa ń fà, Pira ni Bàbá kékeré ti ń rà á wá. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, síbẹ̀ mo rò pé báyìí ni a ó máa ṣe é títí ayé. Òmùgọ̀ ni mí.

Òṣèlú kì í ṣe àlejò nínú kúù náà. Ẹgbẹ́ tí bàbá mi ń ṣe kọ́ ni Bàbá kékeré ń ṣe. Láyé ìjọba kan tó ti kọjá, Kúù ti Kútọnu dá ẹjọ́ kan tó dun ẹgbẹ́ bàbá mi. Èmi ni mo bu omi fún wọn lọ́jọ́ náà, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa. Bàbá kékeré ní Ọlọ́run ló ń lo àwọn adájọ́ náà. Bàbá mi ní ọjà ni wọ́n, wọ́n ti rà wọ́n. Ìjọba yí padà. Nígbà tó yá, Kúù dá ẹjọ́ mìíràn nípa àwọn tó lè du ìbò, ẹjọ́ náà sì gbe ẹgbẹ́ bàbá mi. Bàbá mi tó pè wọ́n ní ọjà wá ń sọ pé òfin ni òfin. Bàbá kékeré tó ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run níbẹ̀ wá ń sọ pé Èṣù ti gba àga wọn. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni pààrọ̀ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kò sì sí èyí tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ní ilé ìwé wa ní Savalou, àwọn olùkọ́ tó ń jẹ àkàrà pọ̀ lásìkò ìsinmi pín sí igun méjì nínú yàrá kan náà. Àwọn ọlọ́kadà, tí àwa ń pè ní sẹ́mí, bó o bá gun ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ tó dé oríta á ti bi ọ́ pé kí lo rí sí ẹjọ́ Kúù. Ìdáhùn rẹ ló máa sọ bó ṣe máa rọra gba ibi kòtò. Èmi náà ní apá tí mo wà. N kò ní sọ ọ́ níbí, nítorí bí mo bá sọ ọ́, ìdajì yín kò ní ka ìyókù.

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń wí yìí, òjò ṣú. Ìyá àgbà àti ọmọ aládùúgbò kan ń gún iyán lẹ́yìn ilé. Àwa mẹ́ta wà níwájú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó dé.

“Kúù ti sọ̀rọ̀,” bàbá mi wí. “Sẹ́ fínì. Ó parí.”

“Ta ló ni Kúù?” Bàbá kékeré dìde. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín ni? Ẹ ti gba Kúù pátá, ẹ wá fẹ́ lé àwa yòókù síta!”

“Ẹni tí kò bá gba ti Kúù, ọ̀nà là gbangba.”

“Ẹ̀yin fẹ́ lé mi? Èmi?”

“Mo ní ọ̀nà là gbangba!”

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí wọ́n pariwo mọ́ ara wọn báyìí rí. Bàbá kékeré kó sùtánà rẹ̀ sókè, ó sì jáde láì jẹun. Bàbá mi náà mú fìlà rẹ̀, ó dorí kọ títì lọ wá ọkọ̀. Ìgbà náà ni Ìyá àgbà yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọmọ odó tí iyán ṣì lẹ̀ mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń jà sí? Ṣé kúù ni?”

Takisí ti dúró. Bàbá mi ń pè mí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Inú ń bí mi sí Bàbá kékeré, mo sì fẹ́ kí a tètè kúrò níbẹ̀. Mo dá a lóhùn láì tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ẹ̀ẹ̀n, Ìyá. Kúù ni.”

Mo gbọ́ tó ní, “Háà. Mo sì ṣì wà láàyè.” Mo gbọ́ ọ, n kò sì rò ó wò. Mo wọ ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí a kò lọ Bantè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá mi ní bó ti wù kó rí, ìyá ni ìyá, kí n múra. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní etí títì, Bàbá kékeré ti dé ṣáájú wa. Ó dúró láàárín kúù, ó la ẹnu sílẹ̀. Pèrègún ló ń wò. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà Ìyá àgbà títí dé títì, ó sì pín kúù náà sí méjì ọgbọọgba. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀ láàárín àwọn tó ń jà, nítorí bó o bá ti gé ẹ̀ka rẹ̀ tó o sì rì í mọ́lẹ̀, á hù ṣáá ni.

Ìyá àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ aṣọ ìjáde rẹ̀.

“Mo ti pín in,” ó ní. “Apá ọ̀tún, ti àgbà. Apá òsì, ti àbúrò. Kò sẹ́ni tó máa lé ẹnì kan síta nínú kúù bàbá yín lójú mi.”

“Ìyá, kì í ṣe kúù yìí!” bàbá mi kígbe. “Kúù ti Kútọnu ni!”

“Ilé-ẹjọ́ ni, Ìyá,” Bàbá kékeré wí. “Ilé-ẹjọ́ ńlá tó wà lọ́hùn-ún!”

Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì bára mu báyìí láti oṣù bíi mélòó kan. Ìyá àgbà wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì.

“Ta lẹ mọ̀ nínú kúù ọ̀hún?”

“A ò mọ ẹnì kankan, Ìyá.”

“Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀?”

Bàbá mi mi orí pé kò sí.

“Ẹ ti débẹ̀ rí?”

Bàbá mi ní òun gba iwájú rẹ̀ kọjá nígbà kan, nínú ọkọ̀. Bàbá kékeré kò lè sọ tó bẹ́ẹ̀.

“Kúù tí ẹ ò gbá rí,” Ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́. “Torí ẹ̀ lẹ ṣe fi iyán sílẹ̀ sínú odó fún mi.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ lo sì sọ fún mi pé kúù ni.”

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Òótọ́ ni mo sọ fún un, ibi tó ti burú gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá tọrọ àforíjì, kó tán. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti yí padà kí n sọ fún ìyá arúgbó pé kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín.

Bàbá mi tẹ̀ kó fa pèrègún tu. Ìyá àgbà ní kó dúró.

“Ẹni tó bá fà á tu ni kó kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì. Bí kò bá lè bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Bàbá mi nàró. Bàbá kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi kajú bí ẹni tó fẹ́ fi ṣe àga. A dúró títí, kò sí ẹni tó bẹ ẹnì kan. Pèrègún sì fìdí múlẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n di ọ̀tá. Bó bá jẹ́ ìjà ni, à bá pe àwọn ẹbí, kí wọ́n bá wa parí rẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn. Wọ́n ń béèrè ara. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń jókòó sí apá ọ̀tún, Bàbá kékeré ń jókòó sí apá òsì, abọ́ iyán sì di méjì. Kò pẹ́ tí Bàbá kékeré fi ń wá kí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó má baà pàdé wa. Kò sẹ́ni tó bú Ọlọ́run ẹnikẹ́ni mọ́. Pèrègún ga dé ìbàdí mi, ó ga dé èjìká. Bí Kúù ti Kútọnu bá tún dájọ́, tí rédíò ń ké, èmi a kàn máa rò ó pé ó tún ti ga sí i.

Mo gbìyànjú. Mo bẹ bàbá mi, ó ní, “Ṣé èmi ni àbúrò?” Mo bẹ Bàbá kékeré, ó ní, “Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́, ó tó kó kan òun náà.” Àárò wọn ń sọ mí títí mo fi ń bínú sí wọn. Ní Savalou, ní òwúrọ̀, bí obìnrin ará Màhì tí a jọ ń gbélé bá ń gbálẹ̀, mo máa ń dúró ti fèrèsé kí n gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ náà. Mo ń fẹ́ kí ẹnì kan tún bú wa pé Ọlọ́run wa ń sùn. Mo ń fẹ́ kí ìsìn àwọn aláṣọ funfun pẹ́, kí ebi pa mí nítorí rẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde ní ọdún tó kẹ́yìn ayé Ìyá àgbà, mo lọ lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò lè gbálẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti parí ẹjọ́ kúù yẹn?”

Lọ́tẹ̀ yìí, mo yí padà. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ̀ẹ̀n, Ìyá. Wọ́n ti parí ẹ̀.”

“Kí wá ni pèrègún ṣì ń ṣe níbẹ̀?”

Mo rò pé arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan. Kò gbàgbé nǹkan kan. Mo mú ọkọ́. Bàbá mi wà ní Savalou, Bàbá kékeré ń kan òrùlé ilé kan ní Djaloukou, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú igi tó ti ga jù mí lọ. Láàárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó parí. Ọwọ́ mi bó. Mo wọ́ àwọn igi náà sọdá títì, nítorí bó o bá fi ẹ̀ka pèrègún kan sílẹ̀ sínú kúù, á tún hù fún ọ. Mo fi ẹsẹ̀ ti iyẹ̀pẹ̀ bo àwọn ihò náà, mo sì gbá gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà wò ó láti orí ẹní rẹ̀.

“Pè wọ́n,” ó ní. “Kí wọ́n wá jẹun.”

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mo ní, “Bàbá, Bàbá kékeré ti fa pèrègún tu.” Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó wá ní, “Ó ṣeun.” Mo pe Bàbá kékeré. Mo ní, “Bàbá mi ti fa pèrègún tu.” “Ẹ̀gbọ́n mi? Fúnra rẹ̀?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lórí òrùlé ibẹ̀, mo sì ń gbọ́ tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣe àmín. Ọlọ́run á dárí jì mí. Tiwọn àti tiwa, kí wọ́n jọ dárí jì mí.

Wọ́n wá ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rù bà mí títí mo fi da omi nù. Bàbá kékeré ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.” Bàbá mi ní, “Ìwọ náà, o ṣeun.” Kò sí ẹni tó béèrè pé ọpẹ́ kí ni. Ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n bẹ̀. A gbé Ìyá àgbà jáde sórí àga, a gún lábókò nínú odó kan, abọ́ kan ni a sì bù ú sí. Fóònù Bàbá kékeré dún, ọ̀rọ̀ Kúù tún ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti inú ẹgbẹ́ wọn. Ó wò ó, ó dojú fóònù náà délẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ẹran. Bàbá mi bi í pé ṣé Ọlọ́run wọn ti gbọ́ báyìí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi hú ikọ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan kí n padà síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni.

Ìyá àgbà kú kí ọyẹ́ tó parí. A sin ín, àlejò lọ tán, ó ku àwa ará ilé. Òjò kan ti rọ̀ kí ọyẹ́ tó dé, ó sì ti jẹ́ kí àwọn ihò pèrègún náà rì, wọ́n hàn ketekete láàárín kúù, òmíràn ya sí ọ̀tún, òmíràn ya sí òsì. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kan nínú wọn.

“Ìwọ lo fà á tu,” ó ní.

N kò lè purọ́ mọ́. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Gbẹ́nàgbẹ́nà ni àbúrò mi. Ká ní òun ló wú u ni, ilẹ̀ á tẹ́jú ju báyìí lọ.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, Bàbá?”

“Lọ́jọ́ tí a wá jẹun. Kí n tó jókòó.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ó wo apá òsì, níbi tí Bàbá kékeré ti mú ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, tó sì ń gbá a bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa.

“Àárò kúù yìí ló ń sọ mí,” ó ní.